Agbádá Sányán Tí Wọ́n Pín Lẹ́yìn Fídáù Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn bí mo ṣe pàdé ara mi ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tí ara mi sì dọ̀bálẹ̀ kí mi.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Mi ò mutí, ibà kò sì ṣe mí lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin ńlá kan ló jáde láti ẹnu ọ̀nà agbo ilé wa. Ó wọ agbádá sányán mi, ó dé fìlà mi, ó sì ń ká apá agbádá náà sórí èjìká gẹ́lẹ́ bí mo ṣe máa ń ká a. Ikùn rẹ̀ ṣíwájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, bí tèmi náà ṣe máa ń ṣíwájú mi dé ibi gbogbo nígbà kan. Orí mi wú. Ṣé ẹ ti rí ara yín tó ń bọ̀ níwájú yín rí? Èmi ti rí i.

Kó lè yé yín, mo ní láti padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ní agbo ilé wa, a kì í pe ẹni tó sanra ní ẹni tó sanra. Ẹni tí ayé yẹ là ń pè é. Bàbá mi ni ayé yẹ jù lọ láàárín wa. Ayé yẹ ẹ́ débi pé lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo wà ní kékeré, ó jẹ iyán tán, ó jáde síwájú ilé, ó jókòó sórí àga, ó tẹ́ agbádá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Àwọn tó ń kọjá ń kí i pé, "Ẹ kú ìsinmi o, alàgbà!" Wọ́n ń kọjá lọ. Èmi náà ti ilé kéú dé, mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i. Kò dáhùn. Mo rò pé ó ń bínú sí mi ni. Mo wọlé lọ jẹun.

Ìyá mi ló gbé omi wá fún un, tó kí i, tó tún kí i, tó wá mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ẹni tí gbogbo àdúgbò ń kí ti lọ.

Èmi ni mo jogún ara náà. Kí n tó pé ogún ọdún, Mùfú Àgbá ni gbogbo Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ń pè mí, inú ìyá mi sì máa ń dùn tó bá gbọ́ ọ. Nígbà tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù láti kàwé ní yunifásítì, ìyá onílé mi máa ń kọ́kọ́ wo àga rẹ̀ kó tó ní kí n jókòó. Dókítà tó yẹ àyà mi wò ní ọkàn mi kò ní gbé mi dé ogójì ọdún. Ó ní ọ̀gá dókítà kan wà tó ń dán iṣẹ́ tuntun wò: yóò la ikùn, yóò gé ìfun, yóò yọ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, kí oúnjẹ lè kọjá lára mi bí ọkọ̀ ojú irin tí kì í dúró ní ìlú kékeré.

Mo gbà. Kí ló dé tí mi ò ní gbà? Ẹni tó kàwé ni mí. Bá a bá fẹ́ dán nǹkan wò lára ẹni tó kàwé, ká ṣáà ti pe orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì gígùn. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò bọ́ aṣọ.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, mo jí. Ọ̀rẹ́ mi kan, Délé, ọmọ Òkè-Àdó, ṣẹ̀ṣẹ̀ di lọ́yà ni, ọkọ̀ òkun rẹ̀ sì ń lọ sílé lọ́jọ́ kejì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé tó bá dé Ìbàdàn, kó bá mi dé ilé wa, kó sọ fún ìyá mi pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, ṣùgbọ́n ara mi ti ń yá, kí wọ́n má bẹ̀rù.

Ẹ wo iṣẹ́ tí ọmọ Bẹ́ẹ̀rẹ̀ rán sí Bẹ́ẹ̀rẹ̀!

Ta ló máa ń kú nílùú wa tí wọ́n ń sọ pé ó kú? Bí èèyàn bá kú sí ọ̀nà jíjìn, àwọn ọkùnrin méjì tó fajú ro ló máa ń wá. Wọn ò ní bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Olórí ilé ni wọn yóò béèrè. Wọn yóò ní ara lágbájá ni kò fi bẹ́ẹ̀ yá, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù. Níbẹ̀ ni àwọn obìnrin yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè. Gbogbo èyí ni mo mọ̀ kí n tó mọ à-bí-dí. Ìlú Òyìnbó ti fi tii gbígbóná fọ̀ ọ́ kúrò lórí mi.

Ní ti Délé, ó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ti di lọ́yà. Ó wọ kóòtù dúdú àti táì dúdú nínú oòrùn. Ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání nítorí kò mọ ọ̀nà ilé wa. Òógùn bò ó, ojú rẹ̀ korò. Nítorí pé ọmọlúàbí ni, ó béèrè Mọgàjí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kó tó béèrè ìyá mi.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ.

"Mùfú ló ní kí n wá, sà. Ara rẹ̀ kò yá díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má bẹ̀rù. Wọ́n kàn gé ìfun rẹ̀ ni."

"Ìfun?" ni Mọgàjí wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n ó wà dáadáa."

"Ìfun ọmọ èèyàn?"

"Kì í ṣe gbogbo rẹ̀, sà. Ó wà ní ọsibítù. Ó ń sinmi."

"Ó ń sinmi," ni Mọgàjí tún sọ. Ó bá ṣí fìlà rẹ̀.

Bí Délé ṣe ń búra pé mo wà láàyè tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹkún ń pọ̀ tó. Ó búra títí ohùn fi há a. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, wọ́n ní ẹ wo bó ṣe fọgbọ́n gbé e kalẹ̀. Ìyàwó Mọgàjí tilẹ̀ gbàdúrà fún un pé kò ní fi irú ẹnu yẹn túfọ̀ ọmọ tirẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n ṣe fídáù mi. Wọ́n pa àgbò. Àwọn àlùfáà wá láti Bẹ́yẹrúnká, wọ́n gbàdúrà kí Ọlọ́run tẹ́ mi sí afẹ́fẹ́ rere, wọ́n sì jẹun yó. Mo kọ lẹ́tà sílé léraléra. Mọgàjí ní àwọn òyìnbó mọ ìwà hù, àwọn ló ń bá òkú kọ lẹ́tà kí ìyá rẹ̀ má bàa dákú. Wọ́n pín aṣọ mi bí wọ́n ṣe ń pín aṣọ òkú. Agbádá sányán tí ìyá mi dá fún mi nígbà tí mo yege ìdánwò bọ́ sọ́wọ́ Lásísì, àbúrò mi lọ́mọ bàbá, tó ń wa lọ́rì. Òun nìkan ló ní ikùn tó lè gbé e.

Nígbà tí mo padà dé, mo ti gbẹ bí ẹja tí wọ́n gbé lé iná. Àwọn ọmọdé sá. Mọgàjí dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n pe oríkì bàbá mi, kí n sọ orúkọ àlùfáà tó nà mí jù ní ilé kéú. Mo sọ ọ́. Ó yẹ ojú ilẹ̀ wò bóyá mo ní òjìji. Lẹ́yìn náà, gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi káàbọ̀, láti iwájú títí dé ẹ̀yìnkùlé.

Ìyá mi jáde. Ó fọwọ́ kan ọrùn mi. Ó fọwọ́ kan egungun èjìká mi. Ó wo ojú mi pẹ́, bí ẹni ń wo fèrèsé ilé tí àjòjì ti kó sí. Ó bá yí padà, ó lọ sí ilé ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáná.

Kò kí mi káàbọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ìyá nílẹ̀ yìí, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ.

Ọjọ́ kejì ni mo pàdé agbádá mi lẹ́nu ọ̀nà. Lásísì ti ìrìn àjò dé lóru, ó sùn di ọ̀sán, kò tíì gbọ́. Bó ṣe rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, ó sì ń fi ìdọ̀bálẹ̀ náà bọ́ aṣọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́! Mi ò mọ̀ pé ẹ ó padà wá gbà á ni o!"

Mo fà á dìde. A rẹ́rìn-ín títí. Mo gbé agbádá náà wọ̀, ó bò mí bí àtíbàbà. Lásísì ní kó ṣì wà lọ́wọ́ òun títí yóò fi tó mi.

"Yóò tó ọ," ni ìyá mi wí láti ẹnu ilé ìdáná. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Mo rí iṣẹ́ ìjọba, mo gbé ilé ní Òkè-Bọ́lá, mo fẹ́ ìyàwó, mo ra mọ́tò. Mo tín-ín-rín fún ọdún púpọ̀. Àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ ní ìwé ló jẹ ẹran ara mi, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún mi nítorí rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀, tí a bá ti kírun tán, mo máa ń lọ kí ìyá mi ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Abọ́ tó máa ń gbé síwájú mi kì í ṣe abọ́ ẹnì kan. Mo máa ń jẹ díẹ̀, ikùn mi á yí, màá sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá mi á gbé ìyókù wọlé.

Òmìnira dé. A ò tíì mọ ohun tí a ó fi ṣe tí ara mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

Ihò bẹ́líìtì kan ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Mo purọ́ fún un pé oúnjẹ ọdún ni. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ tó máa ń lé mi lọ sẹ́yìnkùlé kò lé mi mọ́. Mo lọ bá dókítà kan. Ó ní ìfun tó ṣẹ́ kù nínú mi ti gùn sí i, ó ti kọ́ iṣẹ́ èyí tí wọ́n yọ kúrò lójú ọ̀nà, ó sì ń ṣe é dáadáa. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkàn tí mo gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù náà ni mo gbé padà, ẹnikẹ́ni kò fún mi ní òmíràn. Ó ní kí n máa rìn, kí n dín oúnjẹ kù, kí n má dúró de abẹ mọ́.

Mo sọ ọ́ fún ìyá mi.

Ó ní, "Dókítà? Irú èyí tó pa ọ́ lẹ́ẹ̀kan yẹn?"

"Ìyá, wọn ò pa mí."

"Jẹun, Àkànní."

Inú rẹ̀ ti ń dùn nígbà náà. Ohun tó sì ń já mi láyà ni bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ara mi. Kò sọ pé mo ń sanra. Ó máa ń sọ fún Lásísì pé, "Ó ń bọ̀." Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, ó fọwọ́ kan ọrùn mi, ó ní, "Ó ti dé ọrùn." Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó ní, "Ó ti dé èjìká." Bí ẹni ń retí èrò ọkọ̀ tó ti kọjá Ọ̀yọ́, tó kù díẹ̀ kó wọ̀lú. Èmi tí mo jókòó níwájú rẹ̀ tí mo ń jẹun, ta wá ni mí? Ọkọ̀ tí onítọ̀hún wọ̀ ni mo jẹ́.

Láàárọ̀, tí mo bá ń fá irùngbọ̀n, mo máa ń rí àgbọ̀n onítọ̀hún lábẹ́ tèmi. Tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn níbi iṣẹ́, mo máa ń gbọ́ èémí ẹnì kan lẹ́yìn mi. Màá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè kọjá. Kò sẹ́nì kankan!

Lásísì, ẹni rere, bẹ̀rẹ̀ sí í dá aṣọ mi padà. Ó kọ́kọ́ kó bùbá wá. Ó bá mi mu. Ó kó ṣòkòtò wá. Ó bá mi mu. Ó fọ̀ wọ́n, ó lọ̀ wọ́n, ó fi ìwé ìròyìn dì wọ́n. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí ohun tó ń bani lẹ́rù bí aṣọ òkú tó bá èèyàn mu, pàápàá tó bá jẹ́ pé èèyàn náà ni òkú ọ̀hún. Mo ní kó máa lò wọ́n lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ìyá ló ní kí n kó wọn wá."

Ó wá ku sányán.

Ó gbé e wá láàárọ̀ ọjọ́ Iléyá. Ìyá mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wọ̀ mí lọ́rùn. Ó bá mi mu bí ìgbà tí télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́yìn mi. Ìyá mi fẹ́ kí gbogbo Ọjà'ba, níbi tó ti ń ta òwú, rí mi. Mo ní kí a wọ mọ́tò.

"Mọ́tò kẹ̀? Ta ni yóò rí ọ nínú mọ́tò? Ẹsẹ̀ la ó fi rìn."

A ti yídì dé, a jẹ ẹran, a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Mápó láti Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Ìyá mi wà níwájú, ó ń kí wọn lọ́tùn-ún lósì, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé pé, "Ẹ wò ó! Ó ti dé!" Lásísì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò pẹ́ tí mi ò gbọ́ ohùn ìyá mi mọ́, àyà mi ló ń dún bí odó. Ojú mi ṣú. Bí mo ṣe dé ibi àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn Mápó, mo jókòó. Agbádá tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Mo gbé ọwọ́ lé orúnkún nítorí mi ò mọ ibòmíràn tí mo lè gbé e sí. Mo la ẹnu láti pe Lásísì. Ohùn kò jáde.

Èrò ń kọjá. Ẹnì kan ní, "Ẹ kú ọdún o, alàgbà!" Ẹlòmíràn ní, "Ẹ kú ìsinmi o!" Wọ́n ń kọjá lọ. Mo ń gbọ́ wọn. Mi ò lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ní wákàtí yẹn ni mo mọ ohun tí bàbá mi gbọ́, bóyá. Bóyá ó gbọ́ mi nígbà tí mo ti ilé kéú dé.

Ìkíni tí kò ní ìdáhùn yẹn ni ìyá mi gbọ́. Ó yí padà. Ó wò mí lókè Mápó lọ́jọ́ ọdún, mo sì rí i pé èmi kọ́ ló ń wò.

"Bàbá Mùfú?" ni ó wí.

Ó ń bọ̀ wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kọ ara wọn. "Bàbá Mùfú! Ẹ dá mi lóhùn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn!"

Mi ò mọ ibi tí mo ti rí èémí tí mo fi sọ ọ́. Mo ní, "Ìyá, èmi ni."

Ó kúnlẹ̀, ó di apá agbádá náà mú. "Lásísì, bá mi bọ́ ọ!"

"Níta gbangba báyìí, Ìyá? Lọ́jọ́ ọdún?"

"Àbí orí ẹní lo fẹ́ ká ti bọ́ ọ?"

Lásísì bọ́ ọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba, ọmọ yunifásítì, onímọ́tò, jókòó sórí àtẹ̀gùn Mápó nínú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ Iléyá, gbogbo Ìbàdàn sì ń kọjá. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí mi láyà, èémí mi padà díẹ̀díẹ̀. Mi ò tíì wọ aṣọ kan tó yẹ mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá mi kò gbé agbádá náà wọlé. Ó gbé e lọ sí mọ́sáláṣí lọ́jọ́ kejì, ó fi ṣe sàráà fún àlejò kan tí ẹnikẹ́ni nílé wa kò mọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo fi mọ́tò sílẹ̀ ní Òkè-Bọ́lá, mo fẹsẹ̀ rìn dé Bẹ́ẹ̀rẹ̀. (Ẹ ò mọ bí àwọn aládùúgbò mi ṣe kẹ́dùn! Wọ́n rò pé ìjọba tó yá mi lówó mọ́tò ti gbà á.) Ìyá mi gbé oúnjẹ wá. Abọ́ kékeré ni, irú èyí tí wọ́n fi ń bu ẹ̀kọ fún ọmọ. Ó gbé e kalẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe ohun ìtìjú. Ó jókòó ní iwájú mi.

Ó ní, "Fídáù tí a ṣe yẹn, a ò ṣì í ṣe."

Mo gbé ọwọ́ kúrò nínú abọ́.

"Ọ̀kan lọ níbẹ̀ yẹn. Mo ti sunkún rẹ̀. Èmi ni mi ò jẹ́ kó lọ, mò ń pè é padà lójoojúmọ́, mi ò mọ̀ pé yóò mú èkejì dání lọ." Ó nu ojú. Ó fọwọ́ kan ọrùn mi bó ṣe ṣe lọ́jọ́ tí mo ti Ìlú Òyìnbó dé. "Ìwọ tí o wá, mi ò tíì kí ọ."

Ó wá ní, "Káàbọ̀, Àkànní."

Mo jẹ oúnjẹ abọ́ kékeré náà. Mi ò tíì jẹun yó tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé wa.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi: abẹ lè gé ìfun, kò lè gé ojú tí àwọn èèyàn ẹni fi ń wo ni. Ara tí a lé lọ mọ ọ̀nà ilé, yóò sì máa wá ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un. Ara mi ti fúyẹ́ díẹ̀. Ó máa ń padà, mo máa ń rìn ín dànù. Kò parí. Mi ò rò pé yóò parí. Èmi àti ìyá mi la jọ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà báyìí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹnì kan wà nínú yín tí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣì ń retí ẹni tó jẹ́ tẹ́lẹ̀? Báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ẹ sọ ọ́ fún wa, kí n mọ̀ pé mi ò dá nìkan wà.

Tí ẹ bá sì pàdé ọkùnrin ńlá kan tó wọ agbádá sányán lọ́nà Bẹ́ẹ̀rẹ̀, tó ń ká apá rẹ̀ sórí èjìká díẹ̀díẹ̀, ẹ bá mi kí i. Èmi náà ti rí i lẹ́ẹ̀mejì láti ọjọ́ náà, mo sì yà fún un. Ẹ kí i dáadáa. Ṣùgbọ́n tó bá bi yín pé níbo ni mò ń gbé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní ẹ ò mọ̀ mí.